Èso Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta

Èso ni a fi ń mọ igi. Ní ọdún 1908 ni a dá Ilé-ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta sílẹ̀. Israel Oludotun Ransome-Kuti wà nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ọmọkùnrin nìkan ni ó ń kàwé níbẹ̀ títí di ọdún 1914, tí a fi gba Fúnmiláyọ̀ Thomas wọlé. Wọ́n gbéyàwó ní ọdún 1925. Ní ọdún 1932 ọkọ di olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Aya kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé, ó sì ṣíwájú wọn nígbà tí owó-orí wọ̀ wọ́n lọ́rùn, títí Aláké fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní ọdún 1949. Ìbá ṣe pé a ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọbìnrin náà, ta ni ìbá kọ́ wọn? Ẹ jẹ́ kí a rán ọmọbìnrin wa pẹ̀lú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.