Goslin: Sọ́fítíwià tí ó ń mú Orúkọ Lípíìdì Bára Mu

Goslin jẹ́ sọ́fítíwià tí ó ń ka orúkọ lípíìdì ní onírúurú ọ̀nà tí àwọn olùwádìí ń gbà kọ ọ́, tí ó sì ń tún un kọ ní ìlànà kan ṣoṣo. Lípíìdì ni orúkọ àpapọ̀ fún ọ̀rá, epo àti àwọn èròjà tí ó bá wọn tan, títí kan èyí tí a fi mọ awọ sẹ́ẹ̀lì. Dominik Kopczynski, Nils Hoffmann, Bing Peng àti Robert Ahrends gbé iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2020 nínú jọ́nà Analytical Chemistry. Ẹ̀dà kejì tẹ̀lé e ní ọdún 2022.

Ìdí tí a fi nílò rẹ̀

Olùwádìí kan lè kọ TG(50:1), kí ẹlòmíràn kọ TAG 50:1 fún ohun kan náà. Ènìyàn yóò mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, méjì ni. Bí a bá pa àbájáde yàrá ìwádìí méjì pọ̀, lípíìdì kan lè di méjì. Ètò LIPID MAPS pín lípíìdì sí ìsọ̀rí mẹ́jọ ní ọdún 2005. Ìlànà ìkékúrú orúkọ sì jáde ní ọdún 2013, a sì tún un ṣe ní ọdún 2020. Síbẹ̀, orúkọ àtijọ́ ṣì kún inú àkọsílẹ̀.

Bí a ṣe ń ka orúkọ

Ẹ jẹ́ kí a fi epo pupa ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ásíìdì pálmítíìkì (16:0) àti oléíìkì (18:1) ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. TG fi hàn pé ásíìdì ọ̀rá mẹ́ta so mọ́ glísẹ́rọ́ọ̀lù kan.

- TG 50:1: àpapọ̀ nìkan ni a mọ̀, kábọ́ọ̀nù 50 àti ìsopọ̀ onímejì 1.
- TG 16:0_16:0_18:1: a mọ ásíìdì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n a kò mọ ipò wọn.
- TG 16:0/18:1(9Z)/16:0: a mọ ipò ásíìdì, a sì mọ ibi tí ìsopọ̀ onímejì wà àti bí ó ṣe tẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ kọ gírámà fún ọ̀nà ìkọ̀wé LIPID MAPS, SwissLipids, HMDB àti òmíràn. Sọ́fítíwià náà ń tú orúkọ palẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń tú gbólóhùn palẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ èdè. Orúkọ tí kò bá gírámà kankan mu, kò ní gbà á wọlé. Lẹ́yìn èyí, ó ń sọ ìpele ìmọ̀ tí orúkọ náà gbé dání, ó sì ń ṣírò fọ́múlà àti ìwúwo rẹ̀. A lè lò ó nínú C++, C#, Java, Python àti R.

Ààlà rẹ̀

Goslin kò lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí orúkọ sọ. Bí olùwádìí bá fi àmì / sí ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ kò kọjá _, sọ́fítíwià náà yóò tún àṣìṣe náà kọ létòlétò. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀rí ni ilé lípíìdì.