Àwọn Ajá Ìlú Nome: Ta Ló Gbé Oògùn Délé?

Lọ́dọọdún, nínú oṣù Ẹrẹ́nà, fèrè ìkìlọ̀ a máa dún ní Nome, ìlú etíkun kékeré kan ní Alaska, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 4,000. Bí ó bá ti dún, tọmọdé tàgbà a tú síta, nítorí àwọn ajá ti ń wọ̀lú. Ọdún eré ìje Iditarod ni. Ìlú Anchorage ni wọ́n ti ń ṣí i: wọn a da yìnyín sí ojú títì, àwọn ajá a sì wọ́de kọjá láàárín èrò.

Ìtàn tí ó sọ Nome di ìlú olókìkí wáyé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1925. Àrùn ọ̀fun tí a ń pè ní dífítéríà bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń kú. Dókítà kan ṣoṣo, Curtis Welch, ló wà níbẹ̀, oògùn ọwọ́ rẹ̀ sì ti kọjá àkókò lílò. Òkun ti dì, ọkọ̀ ojú omi kò lè wọlé. Àwọn kan dámọ̀ràn ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n ajá ni Gómìnà Scott Bone yàn. Ọkọ̀ ojú irin gbé oògùn dé Nenana. Láti ibẹ̀, awakọ̀ 20 àti ajá bíi 150 ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn fún 674 máìlì, títí ó fi dé Nome láàárọ̀ kùtù ọjọ́ 2 oṣù Èrèlé.

Balto ni ajá tó ṣíwájú àwọn tó gbé e wọ̀lú. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti mọ ère rẹ̀ sí Central Park ní New York. Bẹ́ẹ̀, Togo, ajá Leonhard Seppala, ló rin ìrìn tó gùn jù: 91 máìlì, lórí òkun dídì tó lè fọ́ nígbàkigbà. (Orúkọ ọ̀gágun ojú omi ilẹ̀ Japan ni wọ́n fi sọ ọ́, kì í ṣe ti Togo ìtòsí wa.) Ọ̀pọ̀ awakọ̀ yòókù jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Alaska, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ìgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ wọn. Mo ṣe iṣẹ́ ìròyìn pẹ́. Ẹni tó wọ̀lú gbẹ̀yìn ni kámẹ́rà máa ń rí.

Òkìkí náà kò sì gbe Balto pẹ́. Wọ́n tà á fún àwọn tó ń fi í ṣe ìran wò ní Los Angeles, kí àwọn ará Cleveland tó dá $2,000 jọ láti rà á padà ní 1927.

Nígbà tí Joe Redington dá Iditarod sílẹ̀ ní 1973, kí ẹ̀rọ má baà lé ajá kúrò lójú ọ̀nà yìnyín, ọdún náà ní àṣà kan tó wù mí: fìtílà kan a máa tàn ní Nome títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dé, ẹni náà sì ń gba ẹ̀bùn àtùpà pupa.

Àrùn yìí kan náà ló bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní ìparí 2022, Kano ló sì kọlù jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mú ni kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tán. Àwọn tó ń gun ọ̀kadà gbé àpótí abẹ́rẹ́ wọ ìgbèríko kò ní ère níbì kankan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí ìjọba kọ́kọ́ san owó iṣẹ́ wọn lásìkò.