Ìjókòó Kẹ̀kẹ́ Ológeere, Láti 1817 Títí Di Òní

Ìtàn ìjókòó kẹ̀kẹ́ ológeere fọ́n ká sínú ìwé oríṣiríṣi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tako ara wọn. Mo kó wọn jọ síbí.

Karl Drais ti fi tìmùtìmù sórí kẹ̀kẹ́ onígi rẹ̀ ní Mannheim ní 1817. Ní àwọn ọdún 1860, kẹ̀kẹ́ Michaux ti Paris gbé ìjókòó ka orí irin pẹlẹbẹ gígùn tó ń mì.

Ọdún méjì ni wọ́n ń gbé kiri fún ìjókòó aláwọ ti Brooks: 1866 àti 1882. Ní 1866, John Boultbee Brooks dá iṣẹ́ awọ sílẹ̀ ní Birmingham, ohun èlò ẹṣin ló sì ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ náà ń sọ pé ẹṣin Brooks kú ní 1878, ó yá kẹ̀kẹ́ lò, ìjókòó rẹ̀ sì ni ín lára. Ẹni tó bá fẹ́ lè gba ìtàn ẹṣin yẹn gbọ́. Ohun tó ní àkọsílẹ̀ ni ìwé àṣẹ tó béèrè lọ́wọ́ ìjọba lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ní oṣù kẹwàá 1882. 1882 ni kí á dì mú.

Awọ tó nípọn ni Brooks nà láti imú ìjókòó dé ẹ̀yìn bí awọ ojú ìlù, láìsí tìmùtìmù lábẹ́ rẹ̀. Bí a ti ń gùn ún, awọ náà á máa tẹ̀ síbi tí egungun ìdí méjèèjì bá bọ́ sí. Bó bá dẹ̀ jù, a ó yí nọ́ọ̀tì iwájú kó tún le.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ní ẹni tó fẹ́ ìrọ̀rùn ló ń lo ìjókòó tó ní sípíríǹgì lábẹ́, ẹni tó fẹ́ eré á fara da ìrora. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn ṣe jókòó ló ń pinnu. Ẹni tó nàró lórí kẹ̀kẹ́, ìdí ló gbé ìwúwo rẹ̀. Ìjókòó fífẹ̀ ló yẹ ẹ́, bíi ti kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn lọ oko kòkó. Ẹni tó tẹ̀ síwájú mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti pín ìwúwo fún apá àti ẹsẹ̀. Ìjókòó fífẹ̀ á máa ha á nítan, sípíríǹgì á sì máa jẹ nínú agbára ẹsẹ̀ rẹ̀. Táyà afẹ́fẹ́ tí Dunlop ṣe ní Belfast ní 1888 ló jẹ́ kí àwọn asáré lè yọ sípíríǹgì kúrò.



Ní àwọn ọdún 1960, Cinelli ti Ítálì gbé ìjókòó oníke jáde: ó fúyẹ́, òjò kò sì lè bà á jẹ́. Fóòmù rírọ̀ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n bí egungun ìdí bá rì sínú fóòmù, àárín rẹ̀ á wú, á sì tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Irwin Goldstein, dókítà ní Boston, pariwo irú ewu yìí fáwọn ọkùnrin ní 1997; lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjókòó tó ní ihò láàárín gbilẹ̀.

Nísinsìnyí, èyí tí imú rẹ̀ kúrú wọ́pọ̀, wọ́n sì ti ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ṣe òmíràn, tó le níbìkan, tó rọ̀ níbòmíràn.