Ilé Ọba Tó Jó: Ta Ló Rí Ti Àtijọ́?

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni a sọ òwe yìí dà. Bí òfò bá ṣe ènìyàn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì padà wá dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun ni àwọn àgbà máa ń pa. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ààfin kì í ṣe ilé ẹnì kan. Bí iná bá jó o lónìí, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni yóò pín iṣẹ́ ṣe: àwọn kan á ru igi, àwọn kan á po amọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà á gbẹ́ òpó tuntun, torí kò sí ìlú tí yóò fẹ́ kí ilé ọba tòun rẹlẹ̀ sí ti ìlú kejì.

Ẹ jẹ́ kí á tún òwe náà gbé yẹ̀ wò. Ẹni tó bá lè sọ pé ẹwà bù sí ilé kan, ó ní láti ti rí ilé méjèèjì, èyí tó jó àti èyí tó dìde. Ẹlẹ́rìí ni onítọ̀hún. Ọjọ́ tí ẹlẹ́rìí bá kú, àgbọ́sọ lásán ni òwe náà dà. Kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí i, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Ohun kejì ni pé ilé ọba ni òwe dárúkọ. Kò sọ̀rọ̀ kan nípa ilé àgbẹ̀ kòkó, kò mẹ́nu ba ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà ní ìkóríta. Bí àwọn wọ̀nyí bá jó, tàbí tí òjò wó wọn, kò sí àdúgbò tí yóò ru igi wá. Níbi tí òwe dákẹ́ sí yìí ni iṣẹ́ wà fún ẹni tó ń fi kámẹ́rà gbafẹ́ láàrin ìlú.

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó ká àwa ará Àkókó lára ju ẹlòmíràn lọ. Ayé ogun ló lé ọ̀pọ̀ àwọn baba wa sórí òkè. Nígbà tí ìlú tòrò, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti Àjọwá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni. Nínú àwọn ọdún 1950 ni àwọn ìlú bíi Uro, Ojo, Daja àti Esuku fi ibùdó àtijọ́ sílẹ̀, tí wọ́n jọ wá tẹ̀dó síbi kan náà, tí kálukú sì mú ohùn ìlú rẹ̀ dání, nítorí èdè wọn kò dọ́gba. Kámẹ́rà ti wà nílé ayé fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé nígbà náà. Síbẹ̀, ẹnu àwọn àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Àjọwá ti ń gbọ́ bí agbolé orí òkè ṣe rí, igbó sì ti bo ìpìlẹ̀ ògiri. Ǹjẹ́ ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ lẹ́wà ju ti òkè lọ? Ẹ bi àgbàlagbà kí ó tó pẹ́ jù.

Ìṣípòpadà mìíràn ń lọ lọ́wọ́ báyìí ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, àmọ́ kò pariwo. Ẹni tó bá rin àwọn àdúgbò àtijọ́ níbẹ̀ á rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí owó kòkó kọ́: ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, bàráńdà ọlọ́wọ̀n kéékèèké, àti níwájú orí ilé, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, tí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì yọ jáde. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìtàn gígùn. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gba òmìnira ní Brazil ló kó iṣẹ́ ọ̀nà yẹn bọ̀ wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá bíríkìlà wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Àwọn ọmọṣẹ́ kọ́ ọmọṣẹ́, owó kòkó sì gbé àrà náà wọ ilẹ̀ òkè. Lónìí, wọ́n ń ká páànù tó dípẹtà kúrò, wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù dí fèrèsé, wọ́n ń lẹ táìlì mọ́ iwájú ilé, wọ́n sì ń fọ́ yàrá ìsàlẹ̀ láti fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. N kò dá onílé lẹ́bi; òun ni òjò ń jò lé lórí. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó ya ilé náà kí bíríkìlà tó dé.

Àwòrán ilé sì ni ìyá gbogbo fọ́tò. Fọ́tò tó pẹ́ jù tó ṣì wà láyé, òrùlé àti ògiri ló wà nínú rẹ̀. Nicéphore Niépce, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló yà á láti ojú fèrèsé ilé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1826 tàbí 1827. Nígbà tó di 1838, ọmọ ilẹ̀ Faransé mìíràn, Daguerre, ya títì kan ní ìlú Paris tí èrò ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ pẹ́ kó tó ràn sára àwo, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àwọn tó ń rìn hàn. Ọkùnrin kan tó dúró kí wọ́n bá a nu bàtà nìkan ló hàn kedere. Àwọn ilé tò gbọọrọ, èèyàn pòórá. Ní ọdún 1851, ìjọba Faransé rán àwọn ayàwòrán káàkiri láti ya àwọn ilé àtayébáyé wọn, kí wọ́n lè mọ èyí tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Iṣẹ́ ìjọba ni èyí o, kì í ṣe ìgbafẹ́. Ní tiwa, bí ẹni tó ń gbafẹ́ kò bá ṣe é, ta ni yóò ṣe é?

Àwọn tiwa kan ti fi ọ̀nà hàn. J. D. 'Okhai Ojeikere (1930 sí 2014) tí gbogbo ayé mọ̀ mọ àwòrán irun dídì ya àwọn ilé tuntun tó ń dìde nígbà òmìnira pẹ̀lú. Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní Oxford ní ọdún 1946, tó sì fi Berlin ṣe ilé, ń fi ẹsẹ̀ rin Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn ní Áfíríkà, kámẹ́rà onífíìmù lọ́rùn rẹ̀, ó ń rọra ya ohun tí ẹlẹ́mọ́tò ń sáré kọjá.

Ẹ wá wo ohun tí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ilé Ilojo Bar ní Tinubu Square, l'Ékòó, tí ìjọba kà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016. Fọ́tò ló kù. Ilé Kòkó n'Íbàdàn, alájà 26 tí wọ́n parí ní ọdún 1965, jó ní 1985, wọ́n sì tún un ṣí ní 1992. Ó jọ pé òwe wa ṣẹ sí i lára, ẹni tó bá sì ní àwòrán ti 1965 lè fi ojú ara rẹ̀ díwọ̀n ẹwà tó bù tàbí tí kò bù. Èyí tó wú mi lórí jù sún mọ́ Àkókó: òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàrin 1910 sí 1914. Òpó olókìkí jù nínú wọn, èyí tí ọba jókòó tí olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ti wà ní ilé ìkóhun-ọnà-sí ní Chicago. Àwọn fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tó ṣì ń gbé òrùlé ró ló jẹ́ kí á mọ àwọn òpó tó bá a dúró nínú àgbàlá náà. Ní Chicago, ère ni. Nínú fọ́tò, òpó ilé ni.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le, àmọ́ ó gba sùúrù. Ẹni tó bá dúró sí ẹsẹ̀ ògiri tó wá gbé ojú kámẹ́rà sókè, ilé inú àwòrán rẹ̀ á dà bí èyí tó ń ṣubú sẹ́yìn. Ẹ rìn sẹ́yìn, tàbí kí ẹ bẹ onílé iwájú kó jẹ́ kí ẹ gun bàráńdà rẹ̀. Ilẹ̀ Àkókó ṣe wá lóore níhìn-ín, torí òkè wà fún gígun, òrùlé àdúgbò á sì tẹ́ sílẹ̀ lójú yín láàrin àpáta. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń yọ gbogbo ọnà ara ògiri jáde; ti ọ̀sán gangan á pa á rẹ́. Nígbà ọyẹ́, òkè á pòórá nínú kùrukùru, ilé á sì dá dúró. Àwọn kan kórìíra rẹ̀, èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má sì lé èèyàn kúrò nínú àwòrán. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé ni yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ bí ẹnu ọ̀nà ṣe ga tó.

Ìkíni ṣe pàtàkì ju lẹ́ńsì lọ. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà kọjú sí ilé onílé, ohun méjì ni wọ́n á fura sí: ajagungbalẹ̀ tàbí ìjọba tó fẹ́ fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé kó tó wó o. Ẹ dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ẹ kúnlẹ̀, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá," kí ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, kí ẹ sì fi àwòrán náà hàn wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹni tó kọ́ ilé náà, iye tí àpò sìmẹ́ńtì jẹ́ nígbà náà, àti ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ṣí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Bárékè sọ́jà àti àwọn ibi tí ìjọba dáàbò bò, ẹ yẹra fún wọn: òfin àṣírí ìjọba ti ọdún 1962 ka yíya irú ibẹ̀ láìgbàṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Àkókó tí ẹ ń bọ̀ wálé fún ọdún, ẹ má fi gbogbo àyè fóònù ya aṣọ ẹbí tán. Ẹ ya ilé bàbá yín, iwájú, ẹ̀yìn, àtẹ̀gùn àti ilé ìdáná. Ẹ ya ti aládùúgbò tí kò lọ́mọ nílé mọ́ ọn. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò, orúkọ ẹni tó kọ́ ọ àti ọdún tí ẹ yà á, kí ẹ fọ àwòrán náà sórí ìwé, nítorí fóònù kì í pẹ́ bàjẹ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ olórí ẹbí.