Gègemu, Èsèrè àti Ọmọlójú

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú ènìyàn ń rí ni ó wà níwájú rẹ̀. Gègemu, tí àwọn mìíràn ń pè ní apíkán, ti fi èyí han àwọn Yorùbá tipẹ́tipẹ́. Ẹ̀bá ààtàn àti etí ọ̀nà ni ó máa ń hù. Òdòdó rẹ̀ gùn bí fèrè, èso rẹ̀ sì ní ẹ̀gún. Ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín tàbí Oǹdó kò ní rìn jìnnà kí ó tó bá a pàdé.

Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́, ọ̀fun rẹ̀ yóò gbẹ, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, ọmọlójú rẹ̀ yóò sì là débi pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán yóò máa gún un lójú. Kò ní lè ka ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, tí yóò máa ṣa ohun tí kò sí nílẹ̀. Àwọn tí ó wà nítòsí lè sọ pé ayé ni ó ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì ni atropine àti scopolamine inú ewé náà ni ó dènà iṣẹ́ tí iṣan ń rán sí ojú àti ọpọlọ.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan náà ni èrò rẹ̀ ti wá. Èsèrè ni àwọn Ẹ́fíìkì ìlú Calabar fi ń dán ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn wò: ẹni tí ó bá pọ̀ ọ́ yè, ẹni tí kò pọ̀ ọ́ kú. Aláìṣẹ̀ tí ó bá a lọ kò kéré. Ní Edinburgh, Thomas Fraser ṣàkíyèsí ní 1862 pé èsèrè a máa mú ọmọlójú sún kì. Ní 1863, Argyll Robertson fi ojú ara rẹ̀ dán an wò, ó sì rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ tako ti atropine. Nígbà tí ó di 1864, Kleinwächter fi wo ẹni tí ó mu atropine ní Prague, ara onítọ̀hún sì yá. Ní 1935, Percy Julian, ọmọ Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, fi ọgbọ́n kẹ́místrì ṣe physostigmine inú èsèrè láìlo èso náà.

Kò tọ́ láti ka gègemu mọ́ LSD, tí Albert Hofmann mọ̀ọ́mọ̀ tọ́ wò ní Basel ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1943. Òun náà a máa la ọmọlójú, ṣùgbọ́n ọ̀nà serotonin ni ó ń gbà ru ìhà ọpọlọ tí ń ríran sókè. Àwòrán tí irú rẹ̀ ń mú wá a máa jọra: Heinrich Klüver, nígbà tí ó ń ṣèwádìí mescaline ní 1928, pín wọn sí àwọ̀n, okùn aláǹtakùn, ihò gígùn àti ohun tí ó ká bí ìkarahun ìgbín. Ẹni tí ó ń rí wọn sábà máa ń mọ̀ pé òògùn ni. Ẹni tí ó jẹ gègemu kì í mọ̀.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà kan ń mu gègemu nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n oje igi kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, ìwọ̀n tí kò ṣe ẹnìkan ní nǹkan kan sì lè pa ẹlòmíràn.