Ilẹ̀ Olókè àti Ìwà Àwọn Èkìtì

Ẹ̀yin olùfẹ́ ìmọ̀, bí a bá fẹ́ mọ ìwà àwọn ènìyàn kan, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ó tọ́ wọn dàgbà. Láti ara òkìtì ni àwọn àgbà wa sọ pé a ti rí orúkọ Èkìtì. Ẹni tí ó bá sì dúró ní Adó tí ó wo yíká, kò ní jiyàn. Ilẹ̀ wa kò bá òkun pààlà, bẹ́ẹ̀ ni kò bá ọ̀sà pààlà. Ní Ìkẹ́rẹ́, àpáta Olósùnta ga fíofío. Ní Ẹ̀fọ̀n, òkè so mọ́ òkè. Ní Ìkògòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì ń pàdé.

Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wa ní ohun méjì. Èkíní ni ààbò, nítorí ẹni tí ogun ń lé a máa sá gun òkè. Èkejì ni ìpínyà. Ewì jọba ní Adó, Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, Ajerò ní Ìjerò, Aláayè ní Ẹ̀fọ̀n. Olúkúlùkù dé adé tirẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sin ẹnì kejì.

Ìpínyà yìí ni ó mú kí ogun Ìbàdàn lè kó àwọn ìlú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi ajẹ́lẹ̀ sí wọn lórí. Òkè kò gbà wá nígbà náà. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí kọ ìyà, ó pa àwọn ajẹ́lẹ̀. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wá fi ohùn ṣọ̀kan, a pè wọ́n ní Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Ìró ìbọn ni ó fún ogun náà lórúkọ, Kírìjí. A fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Lẹ́yìn náà, rélùwéè láti Èkó gba Ìbàdàn àti Òṣogbo lọ sí Ìlọrin. Kò yà sọ́dọ̀ wa. Àwọn baba wa gbin iṣu àti kòkó, wọ́n sì fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Ní 1933 ni a dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó. Nígbà tí a sì dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, 1996, Adó di olú-ìlú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i: a bá òkè nílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n odi ìrẹ́pọ̀, àwa fúnra wa ni yóò máa mọ ọ́n.