Ìwé Kan, Ojú Mẹ́ta

Àbúrò mi obìnrin wá bá mi ní Ifákọ̀. Wọ́n ní kó ṣàkójọ ohun tí àwọn lámèyítọ́ sọ nípa ìtàn kan. Ó mú *The Palm-Wine Drinkard* tí Amos Tutùọlá kọ. "Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ wọn ò dọ́gba. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Mo ní kó tò wọ́n bí ọdún ṣe tò. Ní 1952 tí ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, akéwì Dylan Thomas yìn ín. Ní 1954, ọmọ Nàìjíríà kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn *West Africa*: Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò dára, Fágúnwà ló wò kọ. Lásìkò náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé wa ń bẹ̀rù kí òyìnbó má fi wá ṣẹ̀sín. Ní 1977, a ti gba òmìnira. Chinua Achebe sọ ní Yunifásítì Ìbàdàn pé ẹ̀kọ́ ńlá ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá fi fàájì ṣe iṣẹ́, ìyà ni yóò jẹ ẹ́.

Ẹ ò rí i bí? Ìwé ò yí padà, ojú ló yí. Má kàn kọ "lágbájá ní". Kọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ó bi mí: "Ẹ̀yin ńkọ́?" Ojú tì mí. Ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì Tutùọlá ṣẹ̀fẹ̀, láìka ìwé náà rí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo yá a lọ́wọ́ rẹ̀.